Ẹ Bá Ọ̀gá Họ Ẹ̀yìn

Mo gbà fáwọn ọ̀dọ́ ìwòyí o, mo gbà fún wọn tọwọ́tẹsẹ̀. Lánàá ni mo rí ọ̀kan ní jíìmù, oṣù mẹ́ta péré ló fi di báyìí, àyà bí ilẹ̀kùn, ọrùn ti wọnú èjìká lọ a ò rí i mọ́, apá ò lè sọ̀ kalẹ̀, ńṣe ló là á sílẹ̀ bí igún tó ń sá ìyẹ́ sóòrùn. Mo ṣì ń kan sáárá sí i lọ́wọ́ ló bá yíjú sí mi (gbogbo ara ló yí o, ọrùn ò yí), ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ń yún mi, ẹ bá mi họ ọ́."

Ẹni tó ń gbé irin tó tó màlúù! Mo ní kó gbìyànjú ná. Ó na ọ̀tún, ọ̀tún dé etí, ó há síbẹ̀. Ó na òsì, òsì ò tiẹ̀ détí. Ló bá lọ ń fi ẹ̀yìn ha ògiri bí ewúrẹ́. Mo ká síńgílẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè, ìrorẹ́ ṣù bo gbogbo ibẹ̀. Mo họ ọ́ o, mo họ òkè, ó ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, mo họ ìsàlẹ̀, ó ní òsì díẹ̀, àfi bíi pé èmi ni mo bí i. Mo wá bi í pé kí ló ń lò. "Omi ni, ẹ̀gbọ́n. Omi àti oorun."

Omi! Èmi tí mo ti ń mumi látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ńkọ́? Ọdún méjì gbáko ni mo fi sanwó jíìmù, ikùn nìkan ló tóbi, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé omi wo ni mò ń mu. Ó ń dùn mí.

Omi yẹn náà ni Ben Johnson, eléré ìje ará Kánádà, mu tó fi sá 100 mítà ní sẹ́kọ́ńdì 9.79 ní Òlíńpíìkì Seoul lọ́dún 1988, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ti gba góòlù lọ́wọ́ ẹ̀, stanozolol lorúkọ omi ọ̀hún, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń mú iṣan wú ni. Irú omi bẹ́ẹ̀ náà ni Jámánì Ìlà-Oòrùn ń fún àwọn ọmọbìnrin eléré ìdárayá wọn nígbà yẹn, wọ́n ní fítámì ni, ohùn ọmọ ọlọ́mọ wá ki bíi ti bàbá àgbà.

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Tìẹ tún wá le, omi lò ń pè é, olódo! Ara rí i pé testosterone, èròjà ọkùnrin, ń ti inú abẹ́rẹ́ bọ̀, ó ní ṣé ẹ ò nílò mi mọ́, ó ti ilé iṣẹ́ pa, kórópọ̀n súnkì. Apá kan nínú ẹ̀, ara sọ ọ́ di èròjà obìnrin, o ń wá àyà, o rí ọmú. Ọkàn ń wú, kì í ṣe wíwú ayọ̀ o, iṣan ẹ̀ ló ń nípọn tí ò lè fa ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, oníhóró tó ò ń gbé mì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, irun orí ti ń sá sẹ́yìn, tẹ́nì kan bá sì ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ìjà dé. Nítorí fọ́tò!

Nígbà tí mo họ ọ́ tán, ó dúpẹ́, ó na fóònù sí mi, ó ní kí n ya òun. Mo ní ṣé iwájú àbí ẹ̀yìn?

"Há, ẹ̀gbọ́n. Iwájú nìkan o."