Akólòlò Kì í Ṣe Odi: Òwe Kan àti Iṣẹ́ Jacki Weaver

"Bó pẹ́, bó yá, akólòlò á pe baba." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá. Ẹni tí kò tètè ríṣẹ́, ẹni tí ọmọ kò tètè dé fún, ẹni tó ṣe ìdánwò kan lẹ́ẹ̀mẹta tí kò yege, òun la sábà máa ń fi tù nínú, a ó sì ní kí ó máa ṣe sùúrù. Èmi náà ti pa á fún àbúrò kan rí, láì béèrè ohun tó ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí mo padà ro òwe náà dáadáa, ojú tì mí díẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ẹni tó jókòó tẹtẹrẹ ni òwe ń bá wí. Akólòlò kì í ṣe odi. Ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ahọ́n rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ẹ tilẹ̀ tẹ́tí sí ohun tó ń sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu: "ba… ba… ba…" Baba tó fẹ́ pè náà ló ti ń pè láti ìbẹ̀rẹ̀; àwa tí à ń gbọ́ ni a kò kà á sí ọ̀rọ̀.

Ẹni tí òwe yìí máa ń mú wá sí mi lọ́kàn ni òṣèrébìnrin ilẹ̀ Ọsirélíà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jacki Weaver, tí wọ́n bí ní ìlú Sydney ní 1947. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà ni kò mọ̀ ọ́n títí di 2010, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, tí fíìmù kan tó ń jẹ́ Animal Kingdom gbé e dé iwájú àwọn tó ń fúnni ní Oscar, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn tó ń du ú. Ẹni tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí i lè rò pé ilẹ̀ ló là tí obìnrin náà fi yọ. Bẹ́ẹ̀, ọdún 48 ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn.

Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré lórí ìtàgé ní Sydney ní 1962. Ẹ jẹ́ ká rántí irú àkókò tí ìyẹn jẹ́: ní àwọn ọdún 1960, ilẹ̀ Ọsirélíà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe fíìmù tirẹ̀ rárá, ti Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kún ilé sinimá wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi eré ṣíṣe jẹun níbẹ̀, orí ìtàgé, rédíò àti tẹlifíṣàn ló wà fún un, bí kò bá jẹ́ pé ó di ẹrù rẹ̀ lọ sí London. Ìgbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í náwó sí fíìmù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ilẹ̀kùn ṣí, Weaver sì wà lára àwọn tó tètè gba ibẹ̀ wọlé. Stork, tí Tim Burstall darí ní 1971 láti inú eré orí ìtàgé kan tí David Williamson kọ, ló mú àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ wọn wá fún un nígbà àkọ́kọ́. Ó ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú Picnic at Hanging Rock ní 1975, Caddie sì tún fún un ní àmì-ẹ̀yẹ mìíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kékeré ló ṣe lára, ẹ̀rín rẹ̀ dùn, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ọmọdé. Ọmọge tí gbogbo ọkùnrin ń wò ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe.

Lẹ́yìn náà, sinimá gbàgbé rẹ̀, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Fún bí ọgbọ̀n ọdún, fíìmù tó ṣe kò tó nǹkan. Ibi tí àwa tí à ń fi òwe yìí tu ẹni nínú máa ń fò kọjá nìyí, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ dúró sí. Obìnrin yìí kò káwọ́ gbera. Orí ìtàgé tí kò fìgbà kan fi sílẹ̀ ni ó tẹra mọ́: ó ṣe eré olórin, ó ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ṣe èyí tó ń pa ni lẹ́kún. Iṣẹ́ ìtàgé kì í ṣe iṣẹ́ tó ń tètè gbé orúkọ ẹni kọjá òkun. Ọ̀rọ̀ tí òṣèré sọ ní alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun náà ni yóò sọ ní alẹ́ Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ibi tí ti àná ti bú sẹ́rìn-ín, ti òní lè dákẹ́ lọ gbári. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe rẹ ohùn sílẹ̀ tí yóò sì tún dé etí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí òun ṣe lè dákẹ́ pẹ́ tó kí ìdákẹ́jẹ́ náà tó di pé ọ̀rọ̀ ti sọnù mọ́ òun lẹ́nu. Kò sí kámẹ́rà tó ń ká èyíkéyìí nínú rẹ̀ sílẹ̀. Bí aṣọ ìtàgé bá ti wálẹ̀, ó tán nìyẹn, àfi èyí tó kù sí ara òṣèré fúnra rẹ̀. "Ba… ba… ba…" ni, lálaalẹ́.

Nígbà tí David Michôd ń kọ Animal Kingdom, Weaver ló fi sọ́kàn fún ipa ìyá inú rẹ̀. Ìdílé ọ̀daràn kan ní Melbourne ni ìtàn náà dá lé, àwọn ọmọkùnrin tó ń ja báńkì lólè, pẹ̀lú Janine Cody ìyá wọn, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Smurf. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń padà lọ wò. Ọlọ́pàá tó ń lépa àwọn ọmọ rẹ̀ pàdé obìnrin yìí láàrin ọjà tí wọ́n tò sórí pẹpẹ nínú supermarket. Smurf kò pariwo, kò sì fa ojú ro. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń fi ohùn tí ìyá fi ń kí ọmọ rẹ̀ tó ti ilé ìwé dé bá ọlọ́pàá náà sọ̀rọ̀, ìhàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rín ọmọge àwọn ọdún 1970 yẹn náà ni. Kò pààrọ̀ rẹ̀, ohun tó gbé sábẹ́ rẹ̀ ló yí padà. Ohùn yẹn kan náà ló fi ṣètò pé kí wọ́n pa ọmọ ọmọ rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá mọ̀, láti orí ìtàgé, pé bí ohùn bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni etí olùwòran ṣe ń là tó, òun nìkan ló lè ní ìfọ̀kànbalẹ̀ láti ṣe é bẹ́ẹ̀. Òun ni àjọ fíìmù ilẹ̀ wọn pè ní òṣèrébìnrin tó dára jù lọ lọ́dún 2010, nígbà tí Stork ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì ọdún.

Òwe náà sì tún ní apá kan tí a kì í sábà wò. Akólòlò nílò ẹni tí etí rẹ̀ ní sùúrù. Ká ní Michôd kò rántí obìnrin yìí ńkọ́? Àwọn òṣèrébìnrin mìíràn wà tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà bíi tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kọ eré fún, mo sì kọ̀ láti sọ pé ìforítì wọn ni kò tó. Bí a bá tilẹ̀ tún fetí sí àwọn àgbà dáadáa, ohun tí wọ́n sọ ni pé akólòlò á pe baba. Wọn kò sọ pé baba á dáhùn. Ní oṣù kejì ọdún 2011, òṣèrébìnrin mìíràn, Melissa Leo, ni wọ́n gbé Oscar tí Weaver ń du fún. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún pe orúkọ Weaver nítorí Silver Linings Playbook, níbi tó ti ṣe ìyá kan ní Philadelphia tó ń fi oúnjẹ pa iná ìjà láàrin ọkọ àti ọmọ. Anne Hathaway ló gbà á lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, bí àbúrò mi yẹn bá tún bá mi sọ̀rọ̀ pé ọjọ́ ti lọ, pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti débi kan, n kò ní sáré pa òwe. N ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ń ṣe iṣẹ́ náà níbi tí kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́, èyí tó ń kọ́ níbẹ̀ kò ní ṣòfò, n ó sì bá a wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Bó bá sì jẹ́ pé ó pa ẹnu mọ́ tó ń retí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yóò fúnra rẹ̀ jáde, ẹ̀tàn ni òwe yẹn yóò jẹ́ lẹ́nu mi.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn ayẹyẹ Oscar àkọ́kọ́ yẹn, Weaver wà ní Washington pẹ̀lú ẹgbẹ́ eré ìtàgé Sydney Theatre Company, tí wọ́n gbé eré Chekhov, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tó ń jẹ́ Uncle Vanya lọ síbẹ̀. Cate Blanchett, Hugo Weaving àti Richard Roxburgh ló kó àwọn ipa ńlá. Marina, arúgbó tó ń tọ́jú ilé, ni Weaver ṣe, ipa kékeré kan tí ènìyàn lè gbàgbé kó tó délé. Ṣùgbọ́n bí Chekhov ṣe kọ eré náà, arúgbó yìí ló ń kọ́kọ́ la ẹnu: ó bu tíì sínú ife, ó nà án sí dókítà tó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ní kó mu díẹ̀.