Ikùn òfìfo nìkan kò tó láti fi sọ pé ebi ló pa ajá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a tún ọ̀rọ̀ kan ṣe lórí ajá tó kú ní Ìta-Òṣìn, ní Abẹ́òkúta wa níbí. Àwọn kan kọ ọ́ pé, níwọ̀n bí wọn kò ti bá oúnjẹ nínú ikùn rẹ̀, ebi ni olówó rẹ̀ fi pa á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ajá tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ lè má fẹnu kan oúnjẹ kí ó tó kú, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ebi pa gan-an lè ní iyẹ̀pẹ̀ àti láílọ́ọ̀nù nínú ikùn, torí ohun tó bá rí ló ń kì sẹ́nu.

Ọ̀rá ara ló yẹ kí á wò. Bí ebi bá ń pa ẹran, ọ̀rá abẹ́ awọ àti ti inú ikùn ni ara máa ń kọ́kọ́ lò. Ti mùdùnmúdùn inú egungun ló sábà máa ń kẹ́yìn. Ìdí nìyí tí dókítà ẹranko fi ń la egungun itan: mùdùnmúdùn àgbà ajá tó ń jẹun dáadáa a máa ki bí òrí, ṣùgbọ́n ti èyí tí ebi ti hàn léèmọ̀ a máa pupa, a sì máa yọ̀ bí ilá. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á fa ọ̀rá rẹ̀ jáde, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tó ìdá 20 nínú 100, ẹ̀rí ebi nìyẹn lè jẹ́. Síbẹ̀, àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè fa irú rẹ̀, mùdùnmúdùn ọmọ ajá kò sì lọ́ràá púpọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà gbogbo ara òkú ajá náà ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ẹni tó bá fẹ́ òtítọ́, kó má fọ́ egungun náà, kó wé e dáadáa sínú fírísà, torí bí mùdùnmúdùn bá gbẹ, ọ̀rá rẹ̀ á dà bíi pé ó pọ̀ ju bó ṣe wà lọ.