Ẹran Kù Sábúlé, Orí Wọ London

Bí ìyá kan bá ti Èkó balẹ̀ sí Heathrow, tí aṣọ́bodè ní kó ṣí báàgì, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn. Wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á tú ẹ̀gúsí, wọ́n á ki ọwọ́ bọ inú gààrí, ọwọ́ á sì ba ọ̀yà gbígbẹ kan tí wọ́n ká roboto, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé, tí wọ́n tún fi ọ̀rá mẹ́ta dì lé e. Mọ́mì á máa bẹ̀bẹ̀ pé ọkọ ọmọ òun lòun gbé e bọ̀ fún. Ẹ̀bẹ̀ ò ràn án. Garawa ìdọ̀tí ni ọ̀yà ń bá lọ. Ó sì lè jẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an ni àpótí onípákó kan gúnlẹ̀ sí ibùdó ẹrù, tí orí kìnnìún tí olówó kan sanwó lọ dọdẹ pa nílẹ̀ Áfíríkà wà nínú rẹ̀, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ pé pérépéré, tó ń lọ sára ògiri pálọ̀ onítọ̀hún.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni èyí ń bí nínú. Wọ́n ní ọ̀yà tálákà ni ìjọba ń rí, wọn ò rí kìnnìún olówó. Àwa ò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ orí ọ̀tọ̀. Ní 2001, àrùn ẹsẹ̀-òun-ẹnu wọ oko ẹlẹ́dẹ̀ ní Britain. Ohun tí àwọn tó wádìí rẹ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe jù ni pé ẹran tí wọ́n jí gbé wọlé láti òkè òkun ló dé inú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran ọ̀sìn tí wọ́n pa kí àrùn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 6. Ẹni tó bá rántí èéfín òkú màlúù tí wọ́n ń jó ní pápá nígbà yẹn kò ní bá aṣọ́bodè jà nítorí ọ̀yà. Ọdẹ olówó pàápàá kò gbọdọ̀ fi ègé ẹran kan sínú báàgì. Awọ tí wọ́n ti fi iyọ̀ pa tí wọ́n sì sá gbẹ ló ń dé, àti agbárí tí wọ́n sè títí ẹran fi bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ó máa ń tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí onítọ̀hún ti padà sílé kí ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹran náà, abúlé ló kù sí.

Orí yìí ni wọ́n fẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ní Britain. Ní oṣù kẹta 2023, House of Commons, ilé aṣòfin tí àwọn ará ìlú dìbò yàn, fọwọ́ sí àbádòfin tí yóò ka gbígbé e wọlé léèwọ̀, àmọ́ House of Lords, ilé aṣòfin kejì, ló há sí. Ẹgbẹ́ òṣèlú Labour tún kọ ọ́ sínú ìwé ìlérí ìbò wọn ní 2024. Èrò tiwa ni pé òfin tó bá fi ojú kan náà wo gbogbo orí ẹran yóò pa àwọn kan lára, àwọn náà kò sì sí níjòókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Botswana ní erin tó tó 130,000. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún ẹni tó ń gbé London. Àgbẹ̀ tó gbin ọkà bàbà sí agbègbè Okavango kò rí oorun sùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á po ata gbígbẹ mọ́ ìgbẹ́ erin, wọ́n á mọ ọ́n bíi bíríkì, wọ́n á ti iná bọ̀ ọ́ létí oko kí èéfín ata lè lé erin. Wọ́n á tún máa lu agolo. Erin kan á gbọ́, á yà. Òmíràn á la èéfín kọjá wẹ́rẹ́, oúnjẹ ọdún kan á sì di ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kí àkùkọ tó kọ. Ìdí nìyí tí Masisi, ààrẹ Botswana nígbà náà, fi sọ ní oṣù kẹrin 2024 pé òun yóò fi erin 20,000 ta Jámánì, tí òun náà fẹ́ dín gbígbé orí ẹran wọlé kù, lọ́rẹ, kí àwọn náà bá erin gbé bí wọ́n ṣe ń ní kí Botswana máa bá a gbé. Mínísítà rẹ̀ kan ti kọ́kọ́ ṣèlérí 10,000 fún Hyde Park, ọgbà ìgbafẹ́ kan láàárín London. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo Hyde Park pẹ̀lú erin mẹ́wàá péré.

Àwọn baba wa ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Síbẹ̀ ó ń fún wọn. Ẹsẹ̀ ẹran ń lọ sí ààfin, awọ ẹkùn kì í tilẹ̀ ṣe ti ọdẹ, ọba ló ni ín. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti mú ọdẹ àlejò. Abúlé ń jẹ ẹran tó fi sílẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Owó ńkọ́? Ní Namibia, àwọn ìletò tó para pọ̀ ń bójú tó igbó wọn ń gba nínú owó ọdẹ, wọ́n sì ń fi san owó oṣù àwọn tó ń ṣọ́ ẹranko. Ní Zimbabwe, ètò CAMPFIRE tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980 ṣèlérí irú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀sùn tó ń jáde láti abúlé ni pé owó ń há sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ rántí Cecil, kìnnìún ọgbà ẹranko Hwange ní Zimbabwe tí oníṣègùn eyín kan láti Amẹ́ríkà ta lọ́fà ní oṣù keje 2015. Ìròyìn ní nǹkan bí 50,000 dọ́là ló san. Gbogbo ayé sunkún kìnnìún. Ta ló bèèrè ibi tí owó wọlé sí?

Ibì kan wà tí a kò ní gba àwáwí kankan. Ní South Africa, wọ́n ń sin kìnnìún nínú ọgbà bí ẹní ń sin adìyẹ. Wọ́n á já ọmọ rẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú kí àlejò lè máa gbé e ya fọ́tò. Bó bá dàgbà tán, wọ́n á tú u sínú pápá oníwáyà kí olówó lè yìn ín níbọn. Ọdẹ wo nìyẹn? Ìjọba South Africa fúnra rẹ̀ sọ ní 2021 pé òun fẹ́ fòpin sí i. Orí irú kìnnìún bẹ́ẹ̀, kí Britain dá a padà láti ẹnu ibodè.

Ní ti èyí tó kù, ẹ wo ìwé àṣẹ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, tó ń bá orí erin rìn. Àyè wà nínú rẹ̀ fún orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á, fún irú ẹranko tó jẹ́, fún àmì ara eyín rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè tó ti wá. Lẹ́tà H ni wọ́n fi ń fi hàn pé ọdẹ ló pa á. Kò sí àyè fún orúkọ abúlé. Britain nìkan kò lè tún fọ́ọ̀mù àgbáyé kọ, ṣùgbọ́n ó lè ní òun ò ní gba ẹrù kankan àfi tí ìwé mìíràn bá bá a wá, tí orúkọ ìletò tí wọ́n ti pa ẹran náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye tí wọ́n gbà àti ìfọwọ́sí olórí wọn. Bó bá sì jẹ́ gbogbo ìlẹ̀kùn ni wọ́n fẹ́ tì, kí wọ́n ka owó tí ọdẹ ì bá san sílẹ̀, kó sì dé ọwọ́ àgbẹ̀ tó ń dá iná ata ní Okavango kí òjò ìgbìn tó ń bọ̀ tó rọ̀.