Irọ́ Ni Pé Àgádágodo Onítáímà Kì Í Jáni Kulẹ̀

A kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba ní Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tún nǹkan oníná ṣe ní Lágéré á máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà tó fọkàn tán an. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbádùn tiwọn ni kí wọ́n de ara wọn mọ́lẹ̀ nínú yàrá, láìsí ẹnì kejì. Wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sínú àpótí tí táímà ń ṣọ́, tàbí kí wọ́n ra àgádágodo tó ní táímà nínú. Mi ò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Gbólóhùn kan tí wọ́n máa ń sọ ni mo fẹ́ bá wí: "Bọ̀dá, kò séwu. Tí àsìkò bá ti pé, á ṣí."

Kò rí bẹ́ẹ̀. Táímà kì í ṣí nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ka àsìkò, kó sì pàṣẹ nígbà tó bá pé. Mọ́tò kékeré tàbí òòfà oníná ló ń fa irin kúrò nínú ihò, iná ló sì ń lò. Iná bíńtín ló tó fún nọ́ńbà ojú aago; mọ́tò ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tó ti ń rẹ̀ fi lè máa gbé nọ́ńbà jáde títí dé òdo, kí mọ́tò wá kàn gbọ̀n díẹ̀, kó má yí. Bátìrì alkaline tuntun máa ń gbé fóltì 1.5. Èyí tó ti gbó lè ṣì fi ara hàn bí ẹni tó lágbára, àfi ìgbà tí mọ́tò bá fẹ́ gbéra ni agbára rẹ̀ á já wálẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an lẹ nílò rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àgádágodo oníná ń gbà ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ tó ń rà á kò sì mọ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, iná ló ń jẹ́ kí òòfà di nǹkan mú; bí iná bá lọ, ó tú sílẹ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, kí èèyàn lè sá jáde bí iná bá ń jó. Nínú ti kejì, sípíríìnì ló ń ti irin sínú ihò, iná ló sì gbọ́dọ̀ fà á padà. Bí iná bá lọ, ẹ há nìyẹn. Nílùú tí iná lè lọ nígbàkigbà, ìyàtọ̀ yìí kọjá kékeré. Ẹ tì í lófìfo, ẹ yọ bátìrì tàbí wáyà rẹ̀, kí ẹ wo ohun tó máa ṣe. Àwọn kan máa ń fi òòfà oníná gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ sókè kó lè jábọ́ bí àsìkò bá pé tàbí bí iná bá lọ. Á jábọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè ta lọ síbi tí ọwọ́ tí a ti dè kò lè dé.

Àwọn báńkì Amẹ́ríkà ti mọ̀ tipẹ́ pé àgádágodo onítáímà lè jáni kulẹ̀. Ní 1873 ni James Sargent ṣe àgádágodo onítáímà rẹ̀ ní Rochester, kí olè má bàa fipá mú òṣìṣẹ́ báńkì ṣí yàrá owó lóru. Àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ máa ń fi aago méjì tàbí mẹ́ta sínú ẹyọ kan, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, òmíràn á ṣí i. Owó ni wọ́n ń tì mọ́bẹ̀ o, kì í ṣe èèyàn.

Èyí tó ń gbàṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tún burú jù. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ààbò ní Pen Test Partners fi hàn pé ẹni tí kò mọ̀ yín rí lè ti Cellmate, ohun ìtìpa tí ọkùnrin ń wọ̀ sí abẹ́, láti òkèèrè. Kò sì ní kọ́kọ́rọ́ ọwọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀daràn fi ń béèrè owó bitcoin lọ́wọ́ àwọn tó wọ̀ ọ́.

Yìnyín tí àwọn kan máa ń mú kọ́kọ́rọ́ dì sínú rẹ̀, kó lè bọ́ nígbà tó bá yọ́ ńkọ́? Lóòótọ́ ni yóò yọ́. Àmọ́ ọ̀yẹ́ ìdájí àti oòrùn oṣù kẹta kì í yọ́ ọ bákan náà, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó yára.

Ká tilẹ̀ ní ó ṣí lásìkò, ara kì í dúró de táímà. Ìdè tó fún ọrùn ọwọ́ lè pa iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára, kí ìka má lè yí kọ́kọ́rọ́ tó ti bọ́ sílẹ̀ mọ́. Ohunkóhun tó bá fún ọrùn lè mú kí èèyàn dákú láàárín ìṣẹ́jú àáyá, kò sì sí táímà tó yá tó ìyẹn. Nǹkan kan kò gbọ́dọ̀ kan ọrùn, ká má parọ́. Yàrá tí à ń gbé níbí náà kò ràn wá lọ́wọ́: ilẹ̀kùn onírin tí a tì láti inú, irin lójú fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì tó ń ké. Ta ló máa gbọ́ yín, báwo ló sì ṣe máa wọlé?

Ẹni tí kò bá ní ṣíwọ́, kí kọ́kọ́rọ́ kejì wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè dé, tàbí àlùmọ́gàjí tó mú bó bá jẹ́ okùn. Wọ́n á ní ojú ń ti àwọn láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò pọn dandan kí ẹ ṣàlàyé. Ẹ fún ọ̀rẹ́ kan ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ẹ má fi ọ̀pá ìdábùú há a láti inú, kí ẹ sì sọ fún un pé: "Pè mí láago mẹ́sàn-án. Bí n kò bá gbé e, máa bọ̀ kíá."