Ariwo fóònù kì í lé ẹ̀fọn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé áàpù tí wọ́n ní ó ń pariwo tí etí èèyàn kò gbọ́, pé ẹ̀fọn á sá. Wọ́n ti dán an wò léraléra: abo ẹ̀fọn, òun nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, kò sá rárá. Èémí wa, ooru ara àti òógùn ló fi ń wá wa kàn. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé, kí ẹ sì fi ìpara tó ní DEET tàbí picaridin, àwọn èròjà tó ń lé ẹ̀fọn, para níta. Fáànù náà dára, nítorí ẹ̀fọn kò lè fò dáadáa nínú atẹ́gùn líle. Omi tó dúró sínú táyà àti ìkòkò òdòdó ló ń kó mi láyà sókè jù. Ẹ máa dà á nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí nígbà ooru, ẹyin tí ẹ̀fọn yé síbẹ̀ lè di ẹ̀fọn láàárín ọjọ́ 7 sí 10.