Ìyá Tó Ń Lo Oògùn HIV Lè Fún Ọmọ Lọ́mú

Obìnrin tó ní HIV bímọ, èrò kún ilé. Bí kò bá gbé ọmọ sọ́yàn, wọn á ní kí ló dé. Bí ó bá gbé e, àyà rẹ̀ ń já pé òun lòun fẹ́ fọwọ́ ara òun kó àrùn ran ọmọ. Irú wọn pọ̀ tó ń ki òwú bọ inú ike oògùn, kó má baà máa dún nínú báàgì.

A sọ ọ́ gbangba: ìyá tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè fún ọmọ lọ́mú. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i; ní 2016, àjọ náà ní ó lè tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí kò ti sí oògùn, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ló lè kó kòkòrò náà, láti inú oyún títí a ó fi já wọn lẹ́nu ọmú. Pẹ̀lú oògùn tí a kò dá dúró, ewu ti ọmú kò tó 1 nínú 100. A kò ní kò sí ewu rárá o. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi ń mu nevirapine, oògùn tó ń dènà HIV, tirẹ̀, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Omi àti àgbo tí à ń rọ ọmọ ló ń dẹ́rù bà wá jù. Ìwádìí kan láti Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, fi hàn ní 1999 pé ọmọ tó ń mu ọmú pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn kó kòkòrò yìí ju èyí tó ń mu ọmú nìkan lọ. Ìfun ọmọ ọwọ́ ṣì rọ̀. Ohun tí kò bá a lára mu lè dá egbò sí i. Ẹ má sì sọ pé mílíìkì alágolo ló kù. Ìjọba Botswana pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ìyá tó ní HIV. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní 2006, ìgbẹ́ gbuuru pa ọ̀pọ̀ ọmọ, àwọn tí kò mu ọmú ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, oṣù 6, ọmú nìkan. Omi wà nínú ọmú.

Ní 2025, nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró, ìjọba àpapọ̀ ya bílíọ̀nù 4.8 náírà sọ́tọ̀ fún oògùn HIV. Ó ṣeun, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fi oògùn àti àyẹ̀wò sínú ìṣúná tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ á ké lóru, ìyá á gbé e sọ́yàn, oògùn ì báà wà, ì báà má sí.