Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Ẹ Jẹ́ Kó Sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí wọ́n sábà ń fà yọ níbẹ̀ ni pé kí á má fi ọ̀rọ̀ ńlá ránṣẹ́, kí á lọ bá ẹni náà fúnra wa. Èmi tí mò ń ya fọ́tò ní Sápọ́n, l'Abẹ́òkúta, ibòmíì ni òwe náà ti bá mi.

Màmá aládìrẹ kan wá láti Ìtòkú, fọ́tò ọjọ́ ìbí 60 ọdún ni wọ́n fẹ́ yà. Wọ́n tẹ́ ìró wọn dáadáa, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀: "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè, Mà. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ mi." Mo yà tó 20, ẹnu ń rẹ́rìn-ín, ojú ò bá a dá sí i. Iná bá lọ. Ọmọṣẹ́ mi lọ fa jẹnẹrétọ̀, okùn já mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwa méjèèjì bá dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá, èjìká wọn rọ̀, wọ́n ń wo èékánná wọn tí aró ti wọ̀. Bí wọ́n ṣe gbójú sókè, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹnìkan á ní, ṣebí àgbà kan náà ló ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni á bá ni dákẹ́? Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà kò jẹ wá ní gbèsè ẹ̀rín.

Lóòótọ́, nígbà tí ọ̀nà tí Daguerre fi ń ya fọ́tò jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1839, èèyàn ní láti jókòó láì mira fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ti yára tipẹ́, àwọn ìyá wa ò sì yé jókòó bẹ́ẹ̀. Iyì ni. Ní Ottawa, ní Kánádà, ní 1941, ńṣe ni ayafọ́tò Yousuf Karsh já sìgá ńlá gbà lẹ́nu Churchill, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ìfajúro tó tẹ̀ lé e ló di fọ́tò tí ayé mọ̀. (Ẹ má dán an wò fún bàbá Ẹ̀gbá kankan o.)

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ kí èèyàn, ẹ bèèrè ọmọ, ẹ bèèrè ọjà. Ìdákẹ́ tí kò sí ìkíni níwájú rẹ̀, àfojúdi ni. Lẹ́ǹsì 85mm dára, kì í jẹ́ kí imú wú, àmọ́ ó ń mú wa jìnnà sí ẹni tí à ń yà, jíjìnnà yẹn ló sì ń sọ wá di aláriwo. Ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ojú tiwa náà lọ̀rọ̀ wà; bó bá ń kánjú, wọ́n ti rí i.

Màmá fi ọ̀kan nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ṣe káàdì ìpè. Èyí tí iná lọ, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ tóbi, kí n fi gíláàsì sí i, pé ti pálọ̀ nìyẹn.